Ẹ̀gúsí Tó Ń Tanná Tí Kò So

Mo kọ èyí fún ẹni tó ní ilẹ̀ sábúlé, tó ti fẹ̀yìn tì tàbí tó ń múra sílẹ̀, tó sì ń sọ fún ará ilé pé òun fẹ́ lọ sinmi sóko. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo fi ìsọ̀ aṣọ mi ní Mushin sílẹ̀ fún àbúrò mi obìnrin, tí mo kó ẹrù mi lọ sórí ilẹ̀ tí bàbá ìyá mi fi sílẹ̀ lẹ́yìn Ìṣarà Rẹ́mọ.

Oko obì ni ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá mọ Rẹ́mọ á mọ ohun tí gbànja ṣe fún wa láyé àwọn bàbá ńlá wa. Gbànja ló kọ́lé, òun ló rán ọmọ níwèé, òun ló mú àwọn Hausa tẹ̀dó sí Sábó ní Ṣàgámù, tí ọkọ̀ fi ń kó obì lọ sókè Ọya. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo débẹ̀, àwọn igi obì ìdí ààlà nìkan ló kù. Wọ́n ti gbó. Ọ̀kan nínú wọn ti ho nínú láti ìsàlẹ̀ títí dé ibi tí ẹ̀ka ti pín. Igbó ti bo ìyókù ilẹ̀.

Ojú tí mo fi ń wo ìsọ̀ ni mo gbé lọ sóko. Nínú ìsọ̀, kò sí ohun kan níbẹ̀ tí kì í ṣe owó mi ni mo fi rà á. Èyí tí kò bá mówó wọlé, màá kó o kúrò kó má gba àyè. Fún àǹkárá, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Mo wá dúró lórí ilẹ̀ yẹn, mo pín gbogbo ohun tó ń mí níbẹ̀ sí méjì: èyí tó máa ṣiṣẹ́ fún mi, àti ọ̀tá. N kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo ń pín in.

Ewé Akíntọ́lá ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Ó ti gba gbogbo ààlà. Mo ní kí ọmọkùnrin Ègùn tó ń bá mi ṣiṣẹ́ fọ́n oògùn apakoríko sí i, kó fọ́n ọn títí dé ìdí obì, kí gbogbo ẹ̀ mọ́ lójú. Paraquat la lò. A kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì nígbà náà. Láti oṣù kìíní ọdún 2024 ni NAFDAC ti fòfin dè é. Kò pẹ́ tí gbogbo igbó ibẹ̀ fi rọ, tó gbẹ, tí ilẹ̀ sì hàn kedere láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Mo ya fọ́tò, mo fi sórí WhatsApp àwọn ẹbí. Wọ́n kí mi gan-an.

Ẹnu iṣẹ́ yẹn la wà tí a fi rí oyin. Inú igi obì tó ho yẹn ni wọ́n wà. Wọ́n ta ọmọkùnrin náà lójú, wọ́n ta á lọ́rùn, ojú rẹ̀ wú tó bẹ́ẹ̀ tí kò ríran. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, mo sì bínú gidi. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú lọ́jọ́ kejì, mo ní kí wọ́n da kẹrosíìnì sẹ́nu ihò náà, kí wọ́n ṣáná sí i. Mo dúró lókèèrè, mo ń wò ó. Kí n má purọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi nínú. Ariwo kan wà nínú igi náà fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà kò sí mọ́.

Ìyá kan wà tó ń gbin kókò sí ẹ̀gbẹ́ oko mi, kókò tó ń tà fún àwọn tó ń ṣe ebìrípò. Ó rí igi tó jó náà nígbà tí ilẹ̀ mọ́.

"Ọmọ mi, kí ni wọ́n ṣe fún ọ?"

Mo ní wọ́n ta ọmọ iṣẹ́ mi.

"Ṣé wọ́n wá bá a nílé ni, àbí òun ló lọ bá wọn nílé wọn?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Màmá, orí ilẹ̀ mi ni wọ́n kọ́lé sí." Ìyá náà wò mí, ó gbé agbọ̀n rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ "ilẹ̀ mi" yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ kí n tó máa lọ. Nígbà tí a ń ṣe ìwé ilẹ̀ náà, lọ́yà wa sọ fún wa nípa ìgbìmọ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ ní 1912 láti wádìí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìjòyè kan láti Odògbolú, lọ́dọ̀ àwọn Ìjẹ̀bú níbí, ló ṣàlàyé fún wọn pé ẹbí ńlá kan ló ni ilẹ̀: ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú, díẹ̀ ló wà láàyè, àwọn tí a kò tíì bí kò sì lóǹkà. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí mi. Mo mi orí, mo fọwọ́ síwèé, mo sì lọ sóko lọ ṣe bí ẹni pé òkú ò sí níbẹ̀ rí, pé ọmọ kankan ò ní débẹ̀ mọ́. Ká tiẹ̀ ní ìjòyè yẹn ò ka oyin mọ́ ẹbí, èmi ò ka ẹnikẹ́ni.

Òjò bẹ̀rẹ̀, mo gbin àgbàdo, mo gbin ẹ̀gúsí bàrà sí àárín rẹ̀ kó lè bo ilẹ̀. Ẹ̀gúsí hù dáadáa. Kò pẹ́ tí kòkòrò pupa kékeré kan dé, tó ń lu ewé rẹ̀ níhò. Ẹni tó bá ti gbin ẹ̀gúsí rí mọ̀ ọ́n. Mo ra oògùn apakòkòrò, a fọ́n ọn, kòkòrò kú. Ibi tó yẹ kí n dúró sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí nǹkan bá ti ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ á máa yá èèyàn. Mo ní kí a máa fọ́n ọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kòkòrò wà, kòkòrò ò sí. Àárọ̀ la máa ń fọ́n ọn kí oòrùn tó mú.

Ìtàkùn náà gbilẹ̀. Òdòdó pupa rúsúrúsú bo gbogbo oko, ẹni tó bá kọjá á dúró wò ó. Mo ti ń ṣírò iye àpò tí màá kó lọ sọ́jà. Lẹ́yìn náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé àwọn ọmọ bàrà kéékèèké tó wà nídìí òdòdó ń pọ́n, wọ́n ń já bọ́. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ̀gbẹ́ kan á wú, ẹ̀gbẹ́ kejì á rún wọnú.

Mo wá ẹni tí màá di ẹ̀bi rù. Mo kọ́kọ́ dá ẹni tó ta irúgbìn fún mi lẹ́bi, mo padà lọ bá a lọ́jà, a pariwo mọ́ ara wa. Mo ra ajílẹ̀ olómi kan tí wọ́n ní ó ń mú nǹkan so. Ewé ló mú jáde, ó mú u jáde gan-an. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn ẹbí ìyá mi kan tí wọ́n ti fẹ́ gba ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é. Ẹnì kan kí mi kú iṣẹ́, mo ń ro ohun tó ní lọ́kàn. Mo gba ààwẹ̀ lé e. N kò sọ pé ayé ò sí o. Ohun tí mo ń sọ ni pé mo ti fura sí gbogbo èèyàn kí n tó fura sí páǹpù oògùn tó wà lẹ́yìn ọmọ iṣẹ́ mi.

Ẹ̀gúsí tí mo kó lọ́dún yẹn kò tó èyí tí mo máa fún ẹbí àti ọ̀rẹ́ ní Èkó.

Ìyá oníkókò yẹn ló là mí lójú, ìbéèrè ló sì fi là á. Ó ní, "Oyin mélòó lo máa ń rí lórí òdòdó rẹ láàárọ̀?" Mo ní n kò kà á. Ó ní kí n lọ kà á. Àwọn òdòdó ìgbẹ̀yìn ṣì wà lórí ìtàkùn. Mo dìde láàárọ̀ kùtù, mo dúró láàárín wọn títí oòrùn fi gòkè. Èèrà wà, labalábá kan kọjá. N kò rí oyin kankan.

Òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn kan ló ṣàlàyé ìyókù fún mi, mo sì fẹ́ kí ẹ fetí sí ibí yìí nítorí òun ló máa gbà yín lọ́wọ́ àròkàn. Òdòdó ẹ̀gúsí pé méjì lórí ìtàkùn kan náà: akọ àti abo. Abo ni èyí tí ọmọ bàrà kékeré wà nídìí rẹ̀ kó tó là rárá. Akọ ló máa ń kọ́kọ́ jáde, nítorí náà tí ẹ bá rí òdòdó fún ìgbà díẹ̀ láìrí èso, ẹ má tíì pariwo. Ṣùgbọ́n tí abo bá ti jáde, lẹ́búlẹ́bú inú akọ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, afẹ́fẹ́ kò sì lè gbé e débẹ̀. Kòkòrò ló ń gbé e, oyin ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Àárọ̀ ni òdòdó náà máa ń là, tí ọ̀sán bá ti pọ́n, ó ti ká. Lẹ́búlẹ́bú tó dé bá kéré, bàrà á rún. Tí kò bá dé rárá, á já bọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àkókò tí oyin ń ṣiṣẹ́ yẹn gan-an ni mo ń fọ́n oògùn, lẹ́yìn tí mo ti dáná sun èyí tó sún mọ́ mi jù.

Ó sọ fún mi pé tí n kò bá lè dúró de oyin, kí n fọwọ́ ara mi ṣe é. Nígbà tí mo gbin ẹ̀gúsí ìgbà kejì, lẹ́yìn ìsinmi òjò oṣù kẹjọ, mo gbìyànjú rẹ̀. Ẹ ó já akọ òdòdó, ẹ ó fa ewé òdòdó rẹ̀ ya kúrò, ẹ ó wá fi àárín rẹ̀ ra àárín abo díẹ̀díẹ̀. Mo mú òwú pupa dání, mo ń so ó mọ́ ìdí èyí tí mo bá ti fọwọ́ kàn, kí n lè mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ yẹn, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wólẹ̀, mo fi orúnkún rìn láàárín ìtàkùn. Ìrì ti rin aṣọ mi, ẹ̀yìn ń ro mí. N kò tíì parí ìlà kan tí òdòdó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ká mọ́ mi lọ́wọ́. Ọmọkùnrin Ègùn yẹn dúró, ó dìídì fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Màmá, ẹ ti di oyin."

Mo fẹ́ bínú, mo kàn rí i pé ẹ̀rín ló ń bọ̀. Mo jókòó sílẹ̀ síbẹ̀. Igi obì yẹn wà níwájú mi, inú rẹ̀ dúdú. Gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láàárọ̀, láti ìgbà tí n kò tíì gbọ́ orúkọ Mushin, wọn ò gba owó ọ̀sẹ̀, wọn ò sì mọ̀ pé ẹnì kan ń jẹ́ onílẹ̀. Ojú tì mí débi pé n kò lè wo ọmọkùnrin náà, òun tí wọ́n sì ta gan-an nìyẹn, òun tí kò sọ pé kí a sun wọ́n.

Àwọn tí mo so òwú pupa mọ́ so. Púpọ̀ nínú àwọn tí n kò fọwọ́ kàn já bọ́. N kò nílò ẹ̀rí míì.

Ohun tí a yí padà kò ṣòro, ìgbéraga ló ń mú kó ṣòro. Tí ẹ̀gúsí bá ṣì kéré tí kòkòrò pupa dé, eérú la ń kù sórí ewé, ìyẹn náà sì ni ìyá mi ń ṣe. Tó bá le jù, a ó fọ́n oògùn lẹ́ẹ̀kan, ìrọ̀lẹ́ la ó fọ́n ọn, kí òdòdó kankan tó yọ. Tí òdòdó bá ti là, páǹpù ti wọlé nìyẹn. A fi igbó sílẹ̀ lẹ́bàá gbogbo ààlà. Ewé Akíntọ́lá tí mo pè lọ́tàá yẹn máa ń tanná nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ọ̀pọ̀ ewéko ti gbẹ, oúnjẹ oyin sì ni lásìkò yẹn. A gbé abọ́ omi síbẹ̀, a kó òkúta wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀ kí wọ́n má baà kú sómi.

Nígbà tí igbó padà, kì í ṣe oyin nìkan ló bá a padà. Ìgbín padà, inú wa dùn. Ejò padà. Ọ̀yà padà, ó sì mọ ọ̀nà àgbàdo mi ju èmi lọ. Àwọn tó ń wàásù pé kí á bá ìṣẹ̀dá gbé ní àlàáfíà kì í sábà sọ iye àgbàdo tí ọ̀yà máa jẹ. Mo ń sọ ọ́ fún yín báyìí: yóò jẹ. Mo bínú sí i títí, mo wá gbin ẹ̀gẹ́ síwájú, mo sún àgbàdo sẹ́yìn súnmọ́ ahéré, ó dín kù. Kò tán.

Apá tó ṣòro fún mi jù ni ti aládùúgbò. Òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn yẹn ti sọ fún mi pé oyin lè fò ju kìlómítà mẹ́ta lọ wá oúnjẹ. Ìyẹn ni pé bí mo ti ń ṣe dáadáa tó lórí ilẹ̀ tèmi, oògùn ẹlòmíràn lè pa wọ́n. Ẹ̀gbọ́n kan wà ní ìsàlẹ̀ odò tó ń gbin tòmátì àti kùkúńbà, tó ń fọ́n oògùn láàárọ̀ bí mo ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Mo lọ kí wọn. Mo kúnlẹ̀, mo sọ tẹnu mi.

Wọ́n ní, "Oyin ta ni? Ṣé tiyín ni?"

Mo ní rárá, wọn kì í ṣe tèmi.

"Tí kòkòrò bá jẹ tòmátì mi, ṣé oyin ló máa san owó ilé ìwé àwọn ọmọ?"

Ìbéèrè tó dáa ni, n kò sì ní ìdáhùn sí i. Ó ń ṣe mí bíi kí n purọ́ pé tòmátì wọn máa kú tí oyin bá kú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tòmátì lè so láìsí oyin. Mo wá bi wọ́n léèrè nípa kùkúńbà. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní ó ń wọ́, pé àwọn tó ń rà á ń bù ú lówó. Mo ní ẹ̀gúsí àti kùkúńbà, ọmọ ìyá ni wọ́n, ohun tó ṣe tèmi ló lè máa ṣe tiwọn. A jọ lọ wo ó láàárọ̀ ọjọ́ míì. Wọ́n gbà láti máa fọ́n oògùn nírọ̀lẹ́. Nígbà míì wọ́n á gbàgbé, màá tún lọ kí wọn. Ìrìnnà yẹn ti di ara iṣẹ́ oko mi, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún mi ju ìwé ilẹ̀ lọ.

Ní ti àpótí oyin: káfíńtà kan ní Ìṣarà ló kàn wọ́n fún wa, irú èyí tí wọ́n to ọ̀pá pẹlẹbẹ sí orí rẹ̀ tí oyin á máa so afárá mọ́, tí wọ́n ń lò ní Kẹ́ńyà. A gbé wọn sẹ́yìn oko, a kọjú ẹnu wọn sínú igbó, kúrò lójú ọ̀nà ènìyàn. A fi ìda oyin àti ewé tíì ra inú wọn, nítorí òórùn ewé tíì máa ń fà wọ́n. Gbogbo àsìkò òjò kọjá, kò sí nǹkan kan nínú wọn. Àgbà kan nítòsí wá, ó pa òwe fún mi: ẹni tó fẹ́ jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Èmi ti lo iná rí, Bàbá. Mo dúró. Ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n wọlé sí ọ̀kan. Èèrà lé wọn jáde. A gbé ẹsẹ̀ àpótí sínú agolo ọ́ìlì dúdú, àwọn míì tún wọlé, wọ́n jókòó.

Ìrọ̀lẹ́ la máa ń gé afárá oyin, a ó fi èéfín ṣíwájú, a ò ní kó gbogbo rẹ̀. Tí oyin bá ta yín, ẹ fi èékánná ha oró náà kúrò kíá, ẹ má lu ú, ẹ kúrò níbẹ̀, nítorí òórùn oró kan ń pe àwọn yòókù wá. Ẹni tí ètè tàbí ọ̀fun rẹ̀ bá ń wú, tí kò lè mí dáadáa, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe àgbo fún un.

Ẹ̀gúsí ti ń so báyìí, kì í ṣe lọ́dọọdún ló ń so bákan náà. Ní ti oyin inú àpótí, mo ti rò pé màá máa tà á ní Èkó, mo tilẹ̀ ti ra ìgò. Ọmọkùnrin Ègùn yẹn ló ń tọ́jú wọn, òun ni wọn ò bẹ̀rù, òun náà ni àwọn ará Ìṣarà àti Ìpara ń ránṣẹ́ pè báyìí tí oyin bá wọ àjà wọn, kó lè kó wọn jáde láàyè dípò kí wọ́n dáná. Mo ní kó máa mú owó oyin náà. Owó ìgò nìkan ló ń dá padà fún mi, díẹ̀díẹ̀.